Ẹ̀yin dókítà, ẹni tó ni àìsàn ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ yé fi ọ̀rọ̀ bàbá sọ́mọ létí lẹ́yìn ilẹ̀kùn!

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń bá òkú sọ̀rọ̀, Òkukù ni kó wá. Ìlú yìí, tó wà lójú ọ̀nà Ìkìrun sí Ọ̀fà, tó tún jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í fi ọ̀rọ̀ oríkì ṣeré rárá. Òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, gbé ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan láàrin ọdún 1970 sí 1980, oríkì tó gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin Òkukù ló sì fi kọ ìwé ńlá tó jáde lọ́dún 1991. Bí àgbàlagbà bá kú níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin àtàwọn ìyàwó ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, wọ́n á pe orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á kì í dórí bàbá ńlá, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tó kú ńkọ́? Nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí etí rẹ̀ ń gbọ́, tó ń fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe òun, ta ló bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tí wọn ò bá alààyè sọ, òkú ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó sọ ọ́.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Ẹ mú un pé bàbá àgbẹ̀ kan wà, ẹni 70 ọdún ó lé díẹ̀. Inú ń run bàbá, ó ń rù, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti lo àgbo, wọ́n ti lo oògùn kẹ́mísìtì, kò gbọ́. Àwọn ọmọ bá dáwó jọ, wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bóyá Òṣogbo ni, bóyá Ifẹ̀ ni, bóyá Ìlọrin sì ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n gé ẹran bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí èsì máa jáde, nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Ta ni àkọ́bí bàbá níbí? Dókítà ń pè yín." Àkọ́bí wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá jókòó síta, ó ń wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọmọ fi máa jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá ní, "Kí ni dókítà wí?" Ọmọ ní, "Ọgbẹ́ inú ni wọ́n pè é, Bàbá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn, ara yín á yá." Bàbá mi orí. Ṣé ẹni tó ti gbé ayé fún 70 ọdún ò wá mọ ẹkún lójú ọmọ rẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun náà dákẹ́, kí ọmọ má baà tún sunkún. Bí irọ́ ṣe jókòó sáàrin bàbá àti ọmọ nìyẹn o, títí wọ́n fi máa gbé bàbá wọ kòtò.

Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá ku nǹkan díẹ̀, tí dókítà rí i pé àìsàn náà ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ tàbí oògùn lè mú kúrò, yóò sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ máa gbé bàbá lọ sílé." Ó parí. Ohun tó wà lọ́kàn dókítà ni pé kí bàbá lọ fara balẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ará ilé gbọ́? Wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe àìsàn òyìnbó! Ariwo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ló fi ṣe bàbá? Ṣé ìyàwó kékeré ni, àbí àbúrò bàbá tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀? Wọ́n á gbé bàbá lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo ní ìlú mìíràn. Wọ́n á ta oko kòkó. Owó tí wọn ì bá fi ra oògùn ìrora àti oúnjẹ tó rọ̀ fún un á bá mọ́tò lọ. Bàbá tó yẹ kó sinmi á máa fi egungun lásán gbá kòtò ojú ọ̀nà láti ìlú kan sí èkejì.

Gbólóhùn kan ṣoṣo tí dókítà ò fi àlàyé tẹ̀ lé ló dá gbogbo èyí sílẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré bú dókítà ṣá. Èrò pọ̀ níwájú wọn, ọwọ́ ò tó nǹkan, bí wọ́n ṣe máa wo ènìyàn sàn sì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa bá ẹni tí kò ní í sàn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ gan-an tún ń bẹ̀ wọ́n. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá gbọ́ báyìí, àyà wọn á já, wọ́n á lọ kí ọjọ́ tó pé." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìkà. Yorùbá sì ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí ohun tó lè ṣẹ, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú wọlé.

Ṣùgbọ́n òfin ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Òfin ètò ìlera Nàìjíríà, National Health Act ti ọdún 2014, sọ ní ìpín 23 pé oníṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, irú ìtọ́jú tó wà, oore tó wà níbẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ò ṣe. Òfin náà tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Àyè kan ṣoṣo tí òfin fi sílẹ̀ láti má sọ bí ara ṣe rí ni bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ rẹ̀ á lòdì sí ire aláìsàn. Ìpín 26 sì ní àṣírí aláìsàn ni ọ̀rọ̀ náà, àfi níbi díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò rí i báyìí? Ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ dojú rú pátápátá. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá fún ọmọ láìbi bàbá léèrè, wọ́n wá ń fi pa mọ́ fún bàbá tó ni ín. Kódà, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo, pé aláìsàn tó dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, ló ni àṣẹ lórí ara rẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́sìn Jèhófà kan ló ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀, dókítà ò fi tipátipá fún un, obìnrin náà kú. Ilé-ẹjọ́ dá dókítà náà láre. Bí àgbàlagbà bá ní àṣẹ láti kọ ìtọ́jú, báwo ló ṣe fẹ́ lo àṣẹ náà bí wọn ò bá sọ ohun tó ń ṣe é fún un?

Ó ku bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ò ní kí ènìyàn là á mọ́ aláìsàn lórí bí igi. Lọ́dún 2000, àwọn dókítà kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà, lára wọn Walter Baile àti Robert Buckman, kọ ọ̀nà ìgbésẹ̀ mẹ́fà kan jáde tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà káàkiri ayé. Wá ibi tó dákẹ́, kí o jókòó. Béèrè ohun tí aláìsàn ti mọ̀. Béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀. Sọ ọ́ ní èdè tó yé e. Dúró tì í bó bá ń sunkún. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ jọ ṣètò ohun tó kàn. Ẹni tó bá mọ bí àgbà Yorùbá ṣe ń túfọ̀ á rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jìnnà sílé. Ta ló ń fi ìdúró túfọ̀? Ta ló ń sọ ọ́ lójú títì?

Ẹ wo bó ṣe lè rí bí dókítà kan bá jókòó ti ìyá oníṣòwò kan tí jẹjẹrẹ ọmú ti ràn lára rẹ̀.

Dókítà á ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò yín. Ta lẹ fẹ́ kó wà níbí?"

"Ọmọ mi obìnrin yìí. Kó jókòó."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Màmá, kí lẹ rò pé ó ń ṣe yín?"

"Dókítà, kókó ọmú yìí ò dáa. Irú ẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ rí i? Ìyá ti mọ̀ tipẹ́. Ọmọ tó ní kí wọ́n má sọ fún un ni kò mọ̀ pé ó mọ̀. Dókítà á wá béèrè pé, "Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn kan ní ká bá ọmọ àwọn sọ ọ́. Èwo lẹ fẹ́, Màmá?" Bí ìyá bá ní, "Ẹ bá ọmọ mi sọ ọ́, èmi ò fẹ́ gbọ́," ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n bá ọmọ sọ ọ́. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, wọn ò jí i gbé. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Èmi ni mo ni ara mi, ẹ sọ fún mi," kí dókítà má ṣe yí ọ̀rọ̀ po mọ́.

"Màmá, ohun tí mo fẹ́ sọ ò dùn ún gbọ́ o. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti kúrò nínú ọmú, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. A ò ní oògùn tó lè lé e lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń dín ìrora kù, a sì máa fún yín. A ò ní í fi yín sílẹ̀."

Lẹ́yìn èyí, kí dókítà pa ẹnu mọ́. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún wọn jù. Wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ oògùn, wọ́n á máa wo aago. Rárá o. Kó jókòó. Kó jẹ́ kí ìyá sunkún, kó jẹ́ kó pe Ọlọ́run rẹ̀. Bí ìyá bá sì béèrè pé, "Ṣé mo máa rí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ mi lọ́dún tó ń bọ̀?" kó má ka oṣù fún un bí ẹni ń ka owó, torí dókítà kì í mọ ọjọ́. Kó má sì parọ́. Ó lè sọ pé, "Màmá, ó wù mí kẹ́ ẹ rí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní í dúró dìgbà yẹn kí n tó súre fún un." Àgbà tó bá gbọ́ èyí ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí dókítà ò bá gbọ́ Yorùbá, kó má fi ọmọ aláìsàn ṣe ògbufọ̀. Dókítà á sọ pé kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, ọmọ á túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ní ẹ ò nílò iṣẹ́ abẹ. Ìyá á dúpẹ́, á máa jó. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè méjèèjì ni kó pè.

Àwọn tó ń sọ pé bí aláìsàn bá gbọ́, á kú lójijì, kí wọ́n rántí Olóyè Gani Fawehinmi. Lọ́dún 2007 ni wọ́n sọ fún un nílùú London pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é. Gani ò fi pa mọ́, ó sọ ọ́ síta. Ṣé ó kú lọ́jọ́ náà? Kò kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, tòun ti àìsàn náà lára, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi oyè OFR dá a lọ́lá, Gani ní òun ò gbà á, ó sì sọ ìdí tí òun ò fi gbà á. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009 ló kú ní Èkó, ẹni ọdún 71. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì fi ọjọ́ tó kù ṣe ohun tó wù ú.

Àgbẹ̀ Òkukù náà ní ohun tó fẹ́ fi ọjọ́ tirẹ̀ ṣe. Oyè lè má sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n oko wà, ilé wà, gbèsè wà. Ta ló yá lówó tí kò sí ìwé? Ilẹ̀ wo ló jẹ́ tirẹ̀, èwo ló fi ṣe àgbàtọ́jú fún mọ̀lẹ́bí? Bí bàbá tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú láìsọ̀rọ̀, ìjà ìdí-igi àti orí-ò-jorí ló máa ń tẹ̀ lé e. Irú ẹ̀ ni ẹjọ́ ilé Dawodu l'Ékòó, bàbá tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, tí kò ṣe ìwé ìhágún. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní London, ọdún 1962 ni wọ́n tó dá a, ìdí-igi ni wọ́n fi àṣẹ sí. Mùsùlùmí mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ san gbèsè òkú kí wọ́n tó pín ogún. Báwo ni wọ́n ṣe máa san gbèsè tí ẹni tó jẹ ẹ́ ò ráyè dárúkọ? Ẹ̀gbọ́n tó ti ń bá àbúrò ṣe kèéta láti ogún ọdún ńkọ́? Ì bá ránṣẹ́ pè é, kí wọ́n jọ fọwọ́ wọ́nú, bó bá mọ̀ pé ọjọ́ ò sí mọ́. Ẹni tó parọ́ fún un ló gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ìtọ́jú wà. Sísọ òótọ́ láìsí oògùn ìrora, ìkà ni. Lọ́dún 1967, Cicely Saunders dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní London fún àwọn tí àìsàn wọn ò ní í lọ, kí ìrora má baà gba ìyókù ayé wọn. Lọ́dún 1993, Dókítà Anne Merriman gbé irú ẹ̀ lọ sí Uganda. Omi mọ́fíìnì tí wọ́n ń mu lẹ́nu, tí kò wọ́n, ni wọ́n ń gbé lọ bá aláìsàn nínú ilé. Nígbà tó di ọdún 2004, Uganda fún àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ láṣẹ láti máa kọ ọ́ fún aláìsàn, torí dókítà ò lè dé gbogbo abúlé. Ní tòsí, ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kára kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀rù mọ́fíìnì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ní oògùn olóró ni, pé ó ń di bárakú. Fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ egungun rẹ̀, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, tí wọ́n ń fún un ní àkókò rẹ̀, oògùn ìrora ni, kì í ṣe májèlé. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, torí náà wọ́n á fi oògùn ìgbẹ́ tì í. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn ló ń nílò irú ìtọ́jú tó ń mú ara tu aláìsàn yìí lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n nínú 100 wọn, bí 14 péré ló ń rí i gbà. Àwọn tó ń rù kú pẹ̀lú igbe ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú ìyókù.

Torí náà, bí dókítà bá fẹ́ sọ pé, "Ẹ máa gbé e lọ sílé," kó má fi mọ bẹ́ẹ̀. Kó ní, "Àìsàn tí ilé ìwòsàn mọ̀ ni, ó ní orúkọ, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló fi ṣe é. Ẹ má ta oko. Oògùn ìrora rèé, bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó rèé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, bí kò bá lè tọ̀, ẹni tẹ́ ẹ máa pè rèé." Kó kọ ọ́ sínú ìwé fún nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ilé wọn. Ìyẹn nìkan á pa ariwo àjẹ́ lẹ́nu mọ́ ní ilé púpọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ yé dí ẹnu ọ̀nà dókítà. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Bí bàbá bá ní, "Kí ni dókítà wí?" ẹ dá dókítà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oríkì tẹ́ ẹ fẹ́ kì í lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ kì í fún un nísinsìnyí tó ṣì lè dáhùn pé, "Hẹẹn, ọmọ mi."